Ta Ni Yóò Wo Ojú Ìwé Àkọ́kọ́?

Nígbà tí mo wà ní ọdún kejì ní yunifásítì, èmi ni mo máa ń bá ọ̀rẹ́ mi kan kàwé. Láti kékeré ni ojú ọ̀rẹ́ mi yìí ti fọ́. Lálaalẹ́, bí a bá ti jẹ ẹ̀bà tán, á gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ rẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, èmi á máa ka ìwé sókè, ẹ̀rọ á sì máa gba ohùn mi sínú kásẹ́ẹ̀tì. Bí NEPA bá mú iná lọ, ó parí fún mi nìyẹn. Ọ̀rẹ́ mi á rẹ́rìn-ín, á fa ìwé bíréèlì rẹ̀ yọ lábẹ́ ìrọ̀rí, á sì máa fi ìka ka tirẹ̀ lọ nínú òkùnkùn biribiri.

Tí ìdánwò bá dé, yàrá kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbọ̀ngàn ni wọ́n máa ń fi í sí, kí ariwo taipuráítà rẹ̀ má baà da àwa yòókù láàmú. Ẹnì kan á ka ìbéèrè fún un, òun á fi bíréèlì kọ ọ́ sílẹ̀, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìdáhùn. Ní ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, ẹni tó ka ìbéèrè fún un kà á tán, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ọ̀rẹ́ mi tẹ̀wé títí wákàtí mẹ́ta ìdánwò náà fi pé. Ó ń gbọ́ bí lẹ́tà ṣe ń gbá ìwé, ó ń gbọ́ agogo tó máa ń dún bí ìlà bá fẹ́ parí, ó sì ń yí ìwé padà bó ṣe yẹ. Ohun tí etí rẹ̀ kò lè sọ fún un ni pé ríbọ́ọ̀nù inú ẹ̀rọ náà ti gbẹ. Ojú ìwé mẹ́jọ ló kó fún wọn. Mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ funfun báláú. Tí èèyàn bá gbé e sí ojú oòrùn, á rí àpá ibi tí irin ti gbá ìwé, ṣùgbọ́n ta ni yóò fi àpá irin gba máàkì?

Olùkọ́ tó ni iṣẹ́ náà káàánú rẹ̀ gidigidi. Ọ̀gá ẹ̀ka náà káàánú rẹ̀. Àwa ọmọ kíláàsì dáwó, a ra ríbọ́ọ̀nù tuntun fún un. Síbẹ̀, káríófà ló kàn án, ọdún kan gbáko ló sì fi dúró de ìdánwò náà.

Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń gbé mi lọ́kàn. Kò sí ẹni tó kórìíra ọmọ náà ní gbogbo ilé ìwé. Àánú pọ̀ níbẹ̀ bí omi òjò. Ohun tó sọnù kò ju ojú kan lọ: ojú ẹnì kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti yẹ ojú ìwé àkọ́kọ́ wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún. Nítorí pé kì í ṣe iṣẹ́ ẹnikẹ́ni, kò sí ẹni tó ṣe é. Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn. Àwọn ọmọ wa tí ara wọn ní ìpèníjà ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga kò fẹ́ àánú ju èyí tí wọ́n ń rí lọ. Ètò ni wọ́n ń fẹ́, ètò tí ó ní alábòójútó, tí a sì ti là kalẹ̀ kí wọ́n tó dé.

Iná mọ̀nàmọ́ná pẹ̀lú, ìrànlọ́wọ́ ni

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọ̀rọ̀ NEPA yẹn. Nínú òkùnkùn, ta ni aláìlèkàwé nínú àwa méjèèjì? Èmi ni. Ojú mi kò sì fọ́. Ohun tó yí padà kò ju pé wọ́n mú ìrànlọ́wọ́ tí ilé ìwé ń fún mi kúrò, ìyẹn gílóòbù tó wà lókè àjà. Mi ò kọ lẹ́tà sí ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó so gílóòbù náà síbẹ̀. Kò sí dókítà tó kọ̀wé pé ojú mi kò lè ríran láìsí ìmọ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àga tí a jókòó lé, ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí olùkọ́ fi ń sọ̀rọ̀, àti àtẹ̀gùn tó gbé wa dé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Èèyàn wo ló lè fò láti ilẹ̀ dé òkè kejì? Ẹsẹ̀ wa kò gbé e, ni wọ́n ṣe mọ àtẹ̀gùn fún wa. Àmọ́ tí ẹni tó wà lórí àga onítáyà bá béèrè ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí táyà lè gbà, a ó ní ó fẹ́ àǹfààní àrà ọ̀tọ̀.

Àwọn tó kọ́ àwọn yunifásítì wa mọ ìṣirò. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1948, àwọn ayàwòrán ilé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Maxwell Fry àti Jane Drew, ló ya àwọn ilé àkọ́kọ́. Wọ́n wo oòrùn wa, wọ́n wo ooru wa, wọ́n sì dá ihò sí ara ògiri kí afẹ́fẹ́ lè máa fẹ́ gba inú ilé kọjá. Ní Ifẹ̀, Arieh Sharon láti Ísírẹ́lì mú kí òkè ilé yọ síta ju ìsàlẹ̀ lọ, bíi pírámíìdì tí a dojú rẹ̀ dé, kí àjà òkè lè máa ṣíji bo ti ìsàlẹ̀. Títí dòní, ẹni tó bá dúró lábẹ́ àwọn ilé náà ní ọ̀sán gangan yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ro ti oòrùn, wọ́n ro ti òjò, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tí kò lè gun àtẹ̀gùn kò sí nínú ìrònú wọn. Ẹni tó lè ṣírò ibi tí òjìji yóò bọ́ sí lè ṣírò ibi tí táyà yóò gbà. Àwọn tó ń kọ́ ilé tuntun sí ọgbà yunifásítì lónìí kò ní àwáwí kankan.

Ìpèníjà kò rí bákan náà

Àwọn baba wa gbà pé Ọbàtálá ló ń mọ ènìyàn, pé ẹni òrìṣà ni arọ, abuké àti àfín, èèwọ̀ sì ni kí èèyàn fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀kọ́ ńlá ni. Síbẹ̀, inú ìlú kan náà ni wọ́n ti ń fi irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pamọ́ sí yàrá ẹ̀yìn bí àlejò bá dé. Lóde òní, wọ́n ti pa orúkọ náà "aláàbọ̀ ara" tì lórí rédíò, àkàndá ẹ̀dá ni wọ́n ń pè wọ́n, inú mi sì dùn sí i. Ṣùgbọ́n orúkọ tó dára kì í gbé èèyàn gun òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ká mọ ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan nílò gan-an ló ṣe pàtàkì.

Ẹ wo akẹ́kọ̀ọ́ tó jẹ́ adití. Olùkọ́ dojú kọ pátákó, ó ń kọ̀wé, ó sì ń sọ̀rọ̀ lọ. Bí akẹ́kọ̀ọ́ náà bá ń wo ètè olùkọ́, ètè ti kọjú sí ògiri. Bí ògbufọ̀ bá wà tó ń fi ọwọ́ túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà, ojú akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ kúrò lára ọwọ́ ògbufọ̀. Ìgbà wo ló fẹ́ wolẹ̀ kọ nǹkan sínú ìwé tirẹ̀? Nítorí náà, nǹkan mẹ́ta ló nílò: ògbufọ̀, àga iwájú, àti ẹnì kan tí yóò máa bá a kọ àkọsílẹ̀. Olùkọ́ tó bá kọjú sí kíláàsì nígbà tó bá ń sọ̀rọ̀ ti ṣe ìrànlọ́wọ́ kẹrin, kò sì ná kọ́bọ̀.

Ọ̀rọ̀ adití kò ṣàjèjì sí ilẹ̀ wa. Ní 1960, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Andrew Foster dá ilé ìwé àwọn adití sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Òun fúnra rẹ̀ adití ni. Àìsàn ló mú etí rẹ̀ lọ nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 11. Òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gboyè ní Gallaudet, ilé ẹ̀kọ́ gíga àwọn adití ní Washington, ní 1954. Kó tó kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ òfuurufú ní 1987, ilé ìwé tó dá sílẹ̀ káàkiri Áfíríkà ti lé ní 30. Ipasẹ̀ rẹ̀ ni èdè ọwọ́ Amẹ́ríkà gbà wọ Nàìjíríà, ìdí nìyẹn tí èdè ọwọ́ àwọn adití wa fi bá tiwọn jọra. Ní 1977, ìjọba àpapọ̀ dá ilé ẹ̀kọ́ gíga àwọn olùkọ́ àkànṣe sílẹ̀ ní Ọ̀yọ́, níbi tí adití, afọ́jú àtẹni tí ara rẹ̀ pé ti jọ ń kàwé. A ti mọ bí a ṣe ń ṣe é. Ohun tó kù ni pé kí ìmọ̀ tó wà ní Ọ̀yọ́ rìn dé àwọn ọgbà yòókù.

Àfín ńkọ́? Ojú rẹ̀ ń ríran, ṣùgbọ́n kò rí ọ̀ọ́kán dáadáa, ìmọ́lẹ̀ sì máa ń gún un lójú. Bí wọ́n bá fún un ní ìbéèrè ìdánwò tí a fi lẹ́tà wínníwínní tẹ̀, yóò gbé e fẹ́rẹ̀ẹ́ kan imú. Lẹ́tà ńlá àti ìjókòó iwájú tó jìnnà sí fèrèsé ló ń fẹ́, kò tún jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn kan sì wà tí ojú kò lè rí ìpèníjà wọn rárá. Àrùn ẹ̀jẹ̀ tí à ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde kò ṣọ̀wọ́n nílé wa. Kò sí orílẹ̀-èdè tó ní àwọn tó ń bá a fínra tó Nàìjíríà. Orúkọ náà ti sọ gbogbo rẹ̀: ara ọmọ yá ní òwúrọ̀, ní ọ̀sán egungun ń ro ó bí ẹni tí wọ́n fi òòlù lù, ní ọ̀la á tún dìde. Otútù, òùngbẹ àti àárẹ̀ a máa fa ìrora náà. Ẹ wá wò ó, kí wọ́n fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní yàrá ní òkè kẹta, níbi tí yóò ti máa ru omi láti ìsàlẹ̀. Kí ó sì máa ṣàìsàn ní ọ̀sẹ̀ ìdánwò, kí wọ́n ní ó sá fún ìdánwò. Yàrá ìsàlẹ̀, ike omi nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, àti ìlànà tí a kọ sílẹ̀ nípa bí yóò ṣe ṣe ìdánwò tó bá pàdánù láìjẹ káríófà: nǹkan wọ̀nyí ló lè gba ọdún méjì là fún un nínú ayé rẹ̀.

Ohun tí òfin sọ

Ní oṣù kìíní ọdún 2019, Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu òfin tó ka ìyàsọ́tọ̀ àwọn àkàndá ẹ̀dá léèwọ̀, èyí tí à ń pè ní òfin ọdún 2018. Ìpínlẹ̀ Èkó ti ṣe tirẹ̀ ṣáájú ní 2011. Òfin ìjọba àpapọ̀ ní kí ilé tí gbogbo ènìyàn ń lò ní ọ̀nà tí ẹni orí àga onítáyà lè gbà, ó sì fún àwọn tó ni ilé náà ní ọdún márùn-ún láti tún un ṣe. Ọdún márùn-ún náà ti pé ní 2024. Òfin náà ní kí bíréèlì àti èdè ọwọ́ wà lára ohun tí wọn yóò máa kọ́ni láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dé ilé ẹ̀kọ́ gíga. Ilé iṣẹ́ tó bá ya àkàndá ẹ̀dá sọ́tọ̀ lè san mílíọ̀nù kan náírà. Ẹni kọ̀ọ̀kan lè san ọ̀kẹ́ márùn-ún náírà tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Kí gbogbo èyí tó ṣẹlẹ̀, Nàìjíríà ti fòǹtẹ̀ lu àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ wọn ní 2010. Ní 2017 ó tún wọnú àdéhùn Marrakesh, èyí tó gbà pé kí a lè sọ ìwé tí a tẹ̀ di bíréèlì tàbí ohùn fún ẹni tí kò ríran láìṣẹ̀ sí ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé.

JAMB, àjọ tó ń ṣe ìdánwò ìgbaniwọlé sí ilé ẹ̀kọ́ gíga, náà ti gbìyànjú. Láti 2017 ni wọ́n ti gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Peter Okebukola, tó ń ṣètò ìdánwò lọ́tọ̀ fún àwọn tí kò ríran, ní ibùdó tiwọn, pẹ̀lú bíréèlì àti àkókò tó tó. Mo kí wọn kú iṣẹ́. Ẹ̀rù mi ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Ọmọ gba ẹnu ọ̀nà wọlé pẹ̀lú ọwọ́ méjì tó gbà á, ó dé inú ilé, kò rí ẹni kankan. Fọ́ọ̀mù tó kọ nígbà tó ń forúkọ sílẹ̀ ti sọ pé kò ríran. Ta ló kà á? Ta ló fi ránṣẹ́ sí àwọn olùkọ́ rẹ̀ kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀?

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀

Ibi tí irú ètò tí mò ń béèrè yìí ti lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ lágbàáyé, kò já bọ́ láti ọ̀run. Ní 1962, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń jẹ́ Ed Roberts wọ yunifásítì ní Berkeley, ní California. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú un láti ọmọ ọdún 14, inú ẹ̀rọ irin ńlá tó ń bá a mí ló máa ń sùn. Kò sí yàrá tó lè gba ẹ̀rọ náà nínú ilé gbígbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n bá fún un ní yàrá nínú ilé ìwòsàn ọgbà náà. Nígbà tó yá, àwọn mìíràn bíi tirẹ̀ dé bá a. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé, wọ́n ń fi ìṣòro wéra, wọ́n sì ń bá àwọn aláṣẹ jiyàn. Nígbà tó fi di 1970, ọ́fíìsì ti wà ní yunifásítì náà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn tó ní ìpèníjà ara, àwọn fúnra wọn ló sì ń darí rẹ̀. Òfin Amẹ́ríkà tẹ̀lé e: ti 1973, lẹ́yìn náà ti 1990.

Àwọn ọmọ wa tó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú ní láti mọ ẹ̀tọ́ wọn. Owó ìrànwọ́ kan wà tí ìjọba ibẹ̀ ń fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ní ìpèníjà, ṣùgbọ́n ọmọ onílé ló wà fún, kì í kan ẹni tó gba ìwé àṣẹ akẹ́kọ̀ọ́ láti Nàìjíríà lọ. Èyí ló ń mú kí àwọn kan panu mọ́. Kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀. Òfin ìdọ́gba tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ní 2010 ní kí yunifásítì ṣe àtúnṣe tó bá yẹ fún akẹ́kọ̀ọ́ yòówù, ì báà jẹ́ àlejò. Kí ọmọ lọ sí ọ́fíìsì tó wà fún un ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kó sọ ohun tó ń ṣe é. Ìtìjú tí a gbé láti ilé lọ lè gba oyè lọ́wọ́ èèyàn.

Ṣé ojúsàájú kọ́ nìyí?

Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà olùkọ́ tí mo bọ̀wọ̀ fún: bí ẹ bá fún ẹnì kan ní àkókò ju àwọn yòókù lọ, ṣé ìdánwò náà dọ́gba? Ìbéèrè gidi ni, ó sì ní ìdáhùn. Nínú wákàtí mẹ́ta ọ̀rẹ́ mi, ìṣẹ́jú bí 20 ló lọ sórí gbígbọ́ ìbéèrè àti kíkọ ọ́ sílẹ̀ ní bíréèlì. Bó bá fẹ́ wo ohun tó ti tẹ̀ ṣáájú, kò sí ọ̀nà. Èmi a máa ṣẹ́jú wo ojú ìwé kejì, mo ti rántí ibi tí mo dé. Òun ní láti gbé gbogbo rẹ̀ sórí. Àkókò tí wọ́n bá fi kún tirẹ̀ kò bá a ronú, kò sì sọ ìdáhùn fún un. Ohun tí ìdánwò fẹ́ wọ̀n ni ìmọ̀ tó wà nínú orí rẹ̀. Kí a má fi ìyára ìka wọ̀n ọ́n.

Ti owó ńkọ́? Líìfìtì wọ́n, mi ò jiyàn. Àmọ́ ṣé líìfìtì ló yẹ kó kọ́kọ́ wá? Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá wà lórí àga onítáyà, kí wọ́n gbé kíláàsì rẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀: bébà kan lára pátákó ìkéde ló ń ná wọn. Kọ̀ǹpútà náà ti mú nǹkan rọrùn. Láti 2006 ni àwọn ọmọkùnrin afọ́jú méjì ní Ọsirélíà, Michael Curran àti James Teh, ti bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n ń pè ní NVDA, tó ń ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà sókè, ọ̀fẹ́ ni. Fóònù tí gbogbo wa ń gbé kiri náà lè ka ọ̀rọ̀ sókè. Ohun kan ló máa ń dí i lọ́wọ́. Olùkọ́ a ya fọ́tò hándáòtù àtijọ́, a fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp. Fún ojú, ọ̀rọ̀ ni, fún ẹ̀rọ náà, àwòrán lásán ni, lọ́pọ̀ ìgbà á sì dákẹ́ fẹ́ẹ́. Kí olùkọ́ fi èyí tó tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà ránṣẹ́, ìṣòro náà ti tán.

Nítorí náà, ìbéèrè mi sí àwọn aláṣẹ yunifásítì, póli àti kọ́lẹ́ẹ̀jì wa kò pọ̀. Ẹ yan ẹnì kan. Ẹ fún un ní yàrá kan ní ìsàlẹ̀, nọ́ńbà fóònù kan, àti àṣẹ láti bá olùkọ́ èyíkéyìí sọ̀rọ̀. Kí orúkọ gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tó ní ìpèníjà wà lọ́wọ́ rẹ̀ kí sẹ́mísítà tó wọlé, kí ó pè wọ́n, kí ó béèrè lọ́wọ́ wọn ohun tí wọ́n nílò, nítorí ẹni tó wọ bàtà ló mọ ibi tó ti ń ta á lẹ́sẹ̀. Kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, kí olùkọ́ fọwọ́ sí i. Lọ́jọ́ ìdánwò, kí ó rìn yíká. Ẹ̀yin òbí, ẹ má sọ fún ọmọ yín pé kó fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ pamọ́. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tó ń bá ọ̀rẹ́ yín kàwé lálẹ́, ẹ má dẹ́kun. Àmọ́ ọ̀rẹ́ ni yín, kò yẹ kí ilé ìwé sọ yín di ọ́fíìsì.

Ọ̀rẹ́ mi padà ṣe ìdánwò náà ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Èmi náà ní ìdánwò lọ́jọ́ náà ní gbọ̀ngàn mìíràn, ṣùgbọ́n ó bẹ̀ mí kí n kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ òun. Ó tẹ ìlà kan, ó fa ìwé náà yọ nínú ẹ̀rọ, ó nà án síta sí ibi tó gbọ́ ohùn mi.

"Ṣé ó hàn?"

Mo ní ó hàn, ó dúdú dáadáa. Ó mí kanlẹ̀, ó ki ìwé mìíràn bọ ẹ̀rọ, ó sì bẹ̀rẹ̀. Mo fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá pẹ́ dé ibi ìdánwò tèmi, olùṣọ́ sì bá mi wí lójú gbogbo èèyàn. Mi ò kábàámọ̀ rẹ̀ títí dòní. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ọgbà náà, pẹ̀lú gbogbo òṣìṣẹ́ tó ń gbowó oṣù níbẹ̀, kò sí ẹlòmíràn tí ọmọ náà lè na ìwé yẹn sí.